Kúìlìtì olórúkọ 32: bí a ṣe yan aṣọ àti kálàmù

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kúìlìtì ni: aṣọ ìbora tí a fi ègé aṣọ kéékèèké rán pọ̀, tó tó bo itan àti ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó sórí àga, tí èèyàn 32 sì fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ sí lára. Ọ̀gá ilé ìwé kan ló ń fẹ̀yìn tì. Àwọn olùkọ́ tó bá a ṣiṣẹ́ àti àwọn ọmọ kíláàsì tó kọ́ kẹ́yìn ló fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Olùkọ́ tó kéré jù láàárín wọn ni wọ́n rán sí mi. Ó gbé báàgì kan kalẹ̀, ó ní, "Àǹtí, gbogbo nǹkan ti pé o. Ọwọ́ yín nìkan ló kù."

Aṣọ méjì ló wà nínú báàgì náà. Ọ̀kan funfun báláú, ó ń dán, irú aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi pọlísítà lú òwú. Èkejì jẹ́ ògidì òwú, funfun ni, wọ́n sì tún fi ọ̀dà funfun tẹ òdòdó sí i lára. Ó wuni lójú gan-an. Ohun ìkọ̀wé tó bá wọn wá ni máákà ẹlẹ́nu ńlá aláwọ̀ 12, irú èyí tí ń kọ sára páálí, ike àti gíláàsì láì parẹ́. Lójú tirẹ̀, ohun tí kò bá parẹ́ lára ike, kí ló fẹ́ pa á rẹ́ lára aṣọ?

Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Íńkì inú irú máákà bẹ́ẹ̀, aró ni, tí wọ́n yọ́ sínú nǹkan olómi tí ń tètè gbẹ bíi sipíríìtì. Lórí ike, kò rí ibi sá sí, ojú kan náà ló máa gbẹ sí. Lórí aṣọ, gbogbo fọ́nrán òwú ló di ọ̀nà fún un. Ó ń gbé aró sáré lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó gbẹ, lẹ́tà á sì wú. Bó bá pẹ́, ó lè yọ àwọ̀ ìyeyè yí ìkọ̀wé ká, oòrùn náà sì máa ń ṣá irú aró bẹ́ẹ̀. Íńkì onípígímẹ́ǹtì yàtọ̀ sí i. Ẹ̀rún àwọ̀ tó kúnná ni wọ́n pò mọ́ omi, ẹ̀rún náà kò yọ́. Bí omi bá ti fà lọ tán, ẹ̀rún yẹn á dì mọ́ fọ́nrán aṣọ, omi ìfọṣọ kò sì ní rí i yọ́ dà nù.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún un, ó sì ní kí n kúkú dárúkọ kálàmù tí òun máa lọ rà. Mi ò dá a lóhùn. Bí ìkọ̀wé bá bàjẹ́ lára kúìlìtì, kálàmù ni gbogbo ayé máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo ti rí, aṣọ ló máa ń fà á jù. Kálàmù tó dáa jù lọ, bí aṣọ kò bá gbà á, òfo ni. Nítorí náà mo fa kálàmù onípígímẹ́ǹtì kan yọ nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo sì ní kó fi kálàmù kan ṣoṣo yẹn kọ "Ẹ ṣeun púpọ̀, mà" sí ara oríṣi aṣọ mẹ́rin: méjì tó gbé wá, àti méjì tí mo ní nílé.

Gbólóhùn yẹn kò ṣàdédé wá sí mi lẹ́nu. Àmì ìsàlẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àmì ohùn wà lókè, fáwẹ́lì rẹ̀ sì ní ihò. Bí aṣọ bá fẹ́ tú àṣírí ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa tú u. Ọ̀pọ̀ orúkọ wa ló sì ní irú àmì bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kúìlìtì tí ẹnikẹ́ni á ti máa wo orúkọ ara rẹ̀ láì mọ̀ pé tòun ni.

Lára aṣọ onípọlísítà, kálàmù ń yọ̀. Pọlísítà kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, nítorí náà orí aṣọ ni íńkì jókòó sí, kò wọlé. Ó dúdú dáadáa lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka nù ún lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrù "p" fà gùn bí ẹni tó ń sá lọ. Áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó láti mú íńkì dì mọ́ òwú, bákan náà, lè mú pọlísítà yọ́ tàbí kó máa dán ní ojú kan. Aṣọ yẹn ti jáde nìyẹn.

Aṣọ olódòdó funfun ló yà á lẹ́nu. Mo gbé gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá lé e kó wò ó fúnra rẹ̀. Níbi tí kálàmù ti gba orí òwú lásán, ìlà náà ṣe wẹ́kú. Níbi tó ti gun orí òdòdó, ó já. Ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ òdòdó yẹn, ọ̀dà náà sì ti dí ojú fọ́nrán pa, íńkì kàn rọra jókòó sórí rẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́, apá tó wà lórí òdòdó ṣí kúrò, "púpọ̀" wá di lẹ́tà mẹ́ta tó ń wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri. Tí aṣọ funfun bá ní àwòrán funfun lára, ẹ fi ìka pa á. Tí ìka yín bá ń kọ́ lára àwòrán náà, ọ̀dà ni. Ẹ fi í ṣe ẹ̀yìn kúìlìtì tàbí etí rẹ̀, ẹ má fi orúkọ sí i.

Nínú aṣọ méjì tèmi, ọ̀kan jẹ́ òwú tí wọ́n hun fẹ́rẹ́gẹ́, irú èyí tí àwọn aránṣọ fi ń gé àpẹẹrẹ kí wọ́n tó gé aṣọ gidi. Òwú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyè pọ̀ láàárín fọ́nrán rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan hu irun sí ẹ̀gbẹ́, àmì abẹ́ "ẹ" sì lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà. Èkejì jẹ́ òwú oníkúìlìtì tó dí, tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀. Kálàmù kan náà, ọwọ́ kan náà, tábìlì kan náà, àmọ́ lára ti ìkẹyìn yìí gbogbo àmì ló dá dúró, ihò inú "e" sì là. Ọmọ náà wo kálàmù, ó wo aṣọ, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n lọ dá aṣọ yìí padà."

Bí ẹ kò bá ní gíláàsì, ẹ gbé aṣọ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ń rí ihò wínníwínní káàkiri, kò dí tó. Òwú oníkúìlìtì tó dáa máa ń ní fọ́nrán bíi 60 sí 75 nínú ínǹṣì kan, ní òró àti ní ìbú. Aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe bátíìkì sábà máa ń dí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ sì dùn-ún kọ̀wé sí, tí ẹ bá rí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ tí kò sì ní àwòrán tó pọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ ọwọ́ kì í fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ni mo fẹ́ fi rán tiwa, ṣùgbọ́n owó bátíìkì ga ju ohun tí wọ́n dá jọ lọ, nítorí náà a mú òwú lásán.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ gba àsìkò ju bí mo ṣe rò lọ. Ó fẹ́ funfun báláú. Mo ní kó jẹ́ funfun tó rọ̀ díẹ̀, bíi àwọ̀ mílíìkì. Aṣọ ìbora kì í ṣe ohun àfihàn, èèyàn á jókòó tì í, ọmọ á fi ọwọ́ dídọ̀tí fà á, funfun báláú kò sì ní gbà fún bílíìṣì nígbà tí orúkọ bá wà lára rẹ̀. Ó gbà. Pupa fòò tó fẹ́ fi sí àárín àwọn ègé olórúkọ ni a jọ jà lé lórí. Mo rẹ ègé kékeré nínú aṣọ pupa náà sínú omi gbígbóná, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun tó tutù, funfun yẹn sì gbé àwọ̀ píǹkì jáde. Aṣọ tó bá ń ṣí aró báyìí, ìfọ̀ àkọ́kọ́ ló máa fi ba orúkọ 32 jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A mú aláwọ̀ búlúù tó ní àmì tótòtó, mo sì rẹ òun náà wò kí n tó gé e.

Gbogbo aṣọ la kọ́kọ́ fọ̀ nínú omi gbígbóná. Aṣọ tuntun máa ń gbé oje ilé iṣẹ́ wá, tí wọ́n fi mú un le kó lè dùn-ún wò lórí igbá títà. Íńkì tó bá bá oje yẹn ṣọ̀rẹ́, oje náà ni yóò bá lọ. Ìdí kan náà ni kò fi gbọ́dọ̀ sí oògùn ìmú-aṣọ-rọ̀ nínú omi ìfọ̀, nítorí ọ̀rá ni òun náà ń fi bo fọ́nrán. Mi ò sì fi sítáàṣì sí i lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sítáàṣì á mú kó dùn-ún kọ̀wé sí lọ́jọ́ náà. Fífọ̀ yìí tún máa ń jẹ́ kí òwú sún kì kó tó di kúìlìtì.

Nígbà tí aṣọ ti dájú, a padà sórí kálàmù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gùn mọ́. Àwọn oníkúìlìtì mọ Pigma tí ilé iṣẹ́ Sakura ti Japan ń ṣe dáadáa, a sì máa ń pè é ní nọ́ḿbà ẹnu rẹ̀: 01 jẹ́ mìlímítà 0.25, 05 jẹ́ 0.45, 08 jẹ́ 0.50. Kò pọn dandan kó jẹ́ orúkọ yẹn. Ohun tí mo ń wá lára kálàmù èyíkéyìí ni kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé íńkì rẹ̀ jẹ́ pígímẹ́ǹtì, pé omi kì í pa á rẹ́, pé oòrùn kì í tètè ṣá a. Ẹnu 01 fani mọ́ra torí ó ń yọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á di fẹ́ẹ́rẹ́ lójú lẹ́yìn ìfọ̀ díẹ̀, kò sì ní ṣeé kà láti orí àga. Àgbàlagbà ni mo fún ní 05. Àwọn ọmọ gba 08, nítorí ọwọ́ ọmọdé wúwo, ó sì máa ń ti ẹnu kálàmù tẹ́ẹ́rẹ́ wọnú lọ.

Àwọ̀ 12 tó fẹ́ lò di méjì: dúdú àti búráùn. Ó bínú sí mi díẹ̀ lórí èyí. Ó ní àwọn ọmọ yóò fẹ́ àwọ̀ òṣùmàrè. Bóyá lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn àwọ̀ tí mo ti fi sára aṣọ, dúdú àti búráùn ló dúró jù, àwọn àwọ̀ fífẹ́rẹ̀ bíi píǹkì àti yẹ́lò ló sì ń kọ́kọ́ ṣá. Mo gbà fún àwọn ọmọ láti ya nǹkan kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn, bí wọ́n bá fi kálàmù kan náà yà á.

Ẹnìkan nínú àwọn olùkọ́ ránṣẹ́ pé kí ló dé tí a kò fi òwú àti abẹ́rẹ́ kọ àwọn orúkọ náà, kí ọ̀rọ̀ íńkì tán. Ọ̀nà tó lágbára ni, ó sì ní ìtàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní nǹkan bí ọdún 1917 sí 1918, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe kúìlìtì bẹ́ẹ̀ láti fi wá owó fún Red Cross: ẹni tó bá san owó, wọ́n á fi òwú pupa rán orúkọ rẹ̀ sára aṣọ funfun. Ìfọwọ́kọ pẹ̀lú íńkì ti wà ṣáájú ìyẹn, ó di àṣà tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1840. Íńkì tí wọ́n fi irin pò láyé àtijọ́ máa ń jẹ aṣọ. Kúìlìtì àtijọ́ míì wà tí orúkọ ti di ihò, tí lẹ́tà ti bọ́ kúrò tí aṣọ yí i ká sì ṣì wà. Ní tiwa, abẹ́rẹ́ á sọ gbogbo ìkọ̀wé di ìkọ̀wé ẹni tó rán an. Àwọn èèyàn yìí sì fẹ́ kí ọ̀gá wọn rí ọwọ́ oníkálukú. Íńkì la mú.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, mo fi ègé aṣọ yẹn gan-an àti kálàmù yẹn gan-an ṣe ìdánwò. Mo kọ nǹkan sí i, mo jẹ́ kó sùn mọ́jú, mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbẹ tó gbóná dé ìwọ̀n ti òwú, láì sí oru omi. Mo wá gé e sí méjì. Ìdajì kan bá aṣọ ilé wọ inú omi ìfọṣọ títí ó fi rẹ̀ mí. Ìdajì kejì jókòó pamọ́ sínú àpò ìwé. Nígbà tí mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tí a fọ̀ rọ̀ díẹ̀ ní àwọ̀, àmọ́ kò sí àmì kankan tó sọnù. Ìdánwò tí a kò bá fi omi sí, ẹ̀tàn ni.

Ìwọ̀n rẹ̀ lọ báyìí. Ègé kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ ínǹṣì 7 nígbà tí a bá rán an tán. Ìyẹn ń fẹ́ 7½ kí a tó rán an, torí ojú rírán ń jẹ ìdámẹ́rin ínǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo gé àwọn tí wọ́n máa kọ orúkọ sí ní 8, kí n lè gé e padà sí 7½ kí orúkọ sì bọ́ sí àárín. Mo gé 40 fún èèyàn 32, nítorí ẹnìkan á ṣi orúkọ ara rẹ̀ kọ, ẹnìkan á sì da nǹkan sí i. Aṣọ tó fẹ̀ tó ínǹṣì 42 ń gba márùn-ún ní ìbú, nítorí náà ìlà mẹ́jọ, ínǹṣì 64. A ra yáàdì 2¼ torí pé aṣọ á sún kì.

Lẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan, mo fi áyọ́ọ̀nù lẹ bébà tí ojú rẹ̀ kan ní ọ̀rá, ojú ọ̀rá náà sí ara aṣọ. Bébà yìí ń mú aṣọ dúró gbagidi kó má sún lábẹ́ ọwọ́, ó sì ń yọ láì fi nǹkan sílẹ̀. Mo ti fa ìlà dúdú sí ojú kejì rẹ̀ kí n tó lẹ̀ ẹ́, ó ń hàn fírífírí gba inú aṣọ, àwọn ọmọ sì ń kọ̀wé lé e lórí láì wọ́. Téèpù bébà ni mo fi yí etí rẹ̀ ká, kí gbogbo èèyàn mọ ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àwọn kan máa ń fi kálàmù búlúù tí omi ń pa rẹ́ fa ààlà dípò téèpù. Mi ò gbà á níyànjú níbí, nítorí ooru áyọ́ọ̀nù lè sọ àmì búlúù yẹn di ohun tí kò ní lọ mọ́, áyọ́ọ̀nù sì dandan fún íńkì.

Ìtọ́sọ́nà tí mo fi rán an lọ kò pọ̀: kí wọ́n kọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí wọ́n má fi ẹnu kálàmù dúró lójú kan, kí oníkálukú kọ́kọ́ fi àlòkù aṣọ gbìyànjú. Mo tẹnu mọ́ ọn pé kálàmù tiwa nìkan ni kí wọ́n lò.

Àwọn ègé náà padà wá, ẹwà sì wà níbẹ̀. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, orúkọ rẹ̀ sì gun òkè ó sọ ìsàlẹ̀. Olùkọ́ kékeré tó gbé iṣẹ́ náà wá béèrè bóyá kí òun bá wọn tún un kọ. Mo ní kó má dán an wò. Olùkọ́ kan tó ti kú, ọmọ rẹ̀ gbé ìwé kan wá tí ìfọwọ́sí bàbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. A lẹ ìwé náà mọ́ gíláàsì fèrèsé, a gbé aṣọ lé e, ìmọ́lẹ̀ sì fi ìlà rẹ̀ hàn, ọmọ náà fi kálàmù tọ ipa ọwọ́ bàbá rẹ̀. Irú èyí kì í ṣe àyédèrú lójú tèmi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló tọ ọ́.

Bí mo ṣe ń lo áyọ́ọ̀nù sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni orúkọ kan ti pòórá. Ó wà níbẹ̀, mo gbé áyọ́ọ̀nù kọjá, aṣọ funfun ló kù. Ọ̀gbẹ́ni olùkọ́ ìṣirò ti fi kálàmù inú àpò ara rẹ̀ kọ ọ́, irú kálàmù ìgbàlódé tí ń parẹ́ bí a bá fi ìdí rẹ̀ gbo ó. Ooru ló ń pa irú íńkì bẹ́ẹ̀ rẹ́, kì í ṣe gbígbo fúnra rẹ̀. Bó bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọ̀ rẹ̀ á lọ. Àmọ́ kì í kúrò lára aṣọ, ó kàn ń di aláìláwọ̀ ni, òtútù tó bá sì lọ sísàlẹ̀ òdo dáadáa, ní nǹkan bí ìwọ̀n 10 sísàlẹ̀, lè dá a padà. Mo di aṣọ náà sínú ọ̀rá, mo gbé e sínú fíríṣà di ọjọ́ kejì, orúkọ sì yọ padà, ó ṣì ṣá díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣeé tọ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà wá fúnra rẹ̀, ó fi 05 tọ ipa ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé kálàmù ni kálàmù." Áyọ́ọ̀nù kejì pa ti abẹ́ rẹ́, ó fi tòkè sílẹ̀.

Rírán kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ègé 63 ni, méje ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òró, 32 olórúkọ àti 31 aláwọ̀ búlúù tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lọ́kan-ò-jọ̀kan. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sí orúkọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 49 sí 63, láìka etí. Nígbà tí mo ń rán ojú, ẹ̀yìn àti òwú rírọ̀ tí a tẹ́ sáàárín wọn pọ̀, mo mú abẹ́rẹ́ gba inú búlúù, mo sì yí àwọn orúkọ ká láì kọjá lórí wọn. Ègé aṣọ kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mo fi kálàmù kan náà kọ ọ́ sí: omi tútù, ọṣẹ tí kò le, kò gbọ́dọ̀ rí bílíìṣì, kí wọ́n sá a síbi tí kò sí oòrùn.

Ọ̀gá náà fúnra wọn tẹ̀ mí láago lẹ́yìn ayẹyẹ. Wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ níwájú fèrèsé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn kò dé, tàbí kí wọ́n kúkú máa fi bo ẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi bò.